Àmù Tí Mo Gbé Dé Ìgàndò

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbá ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú báàgì kan àti àmù kan tó yọ ikùn bí aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé. Ọmọ mi obìnrin, Bàràkátù, tó ń tan iná fóònù rẹ̀ fún mi, wo àmù, ó wo èmi náà, ó ní ṣé àmù ò sí ní Èkó ni. Mo ní àmù wà ní Èkó, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí. Ó tún ní aṣọ funfun tí mo fi so ó lẹ́nu yẹn ò dáa, kí n jẹ́ kí òun bá mi mú àǹkárà kan wá. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé funfun ni mo fẹ́ kí n lè rí eruku ojú ọ̀nà bó bá bà á. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe tíṣà kì í fẹ́ kí ọmọ tí òun bí máa kọ́ òun. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣọ funfun yìí sọ́kàn, nítorí ó kó bá mi níwájú.

Ẹni tí mo ń gbé àmù náà lọ fún ti kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, Sáláwàtù Àbẹ̀kẹ́. Àwa ní ilé ń pè é ní Ìyá Ìgàndò, àwọn ará Ìgàndò sì ń pè é ní Ìyá Alámù. Kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀ ní pàtó. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé òun ti ń dá pọnmi lódò kí wọ́n tó bí bàbá mi, bẹ́ẹ̀ bàbá mi ti lé lọ́gọ́rin kó tó kú, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tó ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ó ti kọjá ọgọ́rùn-ún. Èmi ò bá wọn jiyàn.

Níwájú ilé rẹ̀, létí títì tó ti Ìgàndò lọ sí Ẹ̀gàn, ni àmù kan wà tí mi ò rí kó gbẹ rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹni tó bá ń kọjá á yà, á ṣí ọmọrí, á bu omi mu, á máa bá tirẹ̀ lọ. Sàárà ni, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Nígbà tó yá, àwọn awakọ̀ sọ ibẹ̀ di ibùdókọ̀, wọ́n ń pè é ní Ìyá Alámù. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, èrò pọ̀, ẹnì kan fi ìdí kọlu àmù náà, ó là sí méjì. Ẹbí ní ó ti bá olówó rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n Ìyá ti bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan lórí fóònù nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ó ní, “Múníràtù, bí àmù yìí bá fọ́ lẹ́yìn mi, ẹ má fi ike rọ́pò rẹ̀ o. Ilé ni mo ti gbé e wá. Ilé náà ni kí ẹ ti gbé òmíràn wá.”

Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ló ń gbé inú ilé náà báyìí. Ó ti sọ fún mi pé bí a bá ti ṣe fídáù ogójì ọjọ́ tán, káfíńtà ń bọ̀ wá kan ṣọ́ọ̀bù sí ojú ibi tí àmù wà tẹ́lẹ̀. Fídáù ku ọ̀la. Bí mo bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ìyá ṣẹ, àfi kí àmù dé Ìgàndò lónìí, kó sì dé ní odindi.

Ọjà wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti rà á, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń kó o wá láti Ìlọrin. Obìnrin náà fi ìka kan ara rẹ̀ yí ká kó tó gbé e fún mi. Ó ní èyí tó bá ti sán kì í dáhùn dáadáa, ohùn rẹ̀ á kú. Eléyìí dún gooro bí agogo. Mo rọ obì fídáù sínú rẹ̀, mo fi ìgò epo pupa kan sí i nítorí epo tiwa dára ju ti Èkó lọ, mo fi èérún aṣọ há wọn kí wọ́n má baà máa lu ara wọn.

Ní gáràjì, awakọ̀ ní kí n gbé àmù sí bùútù. Mo kọ̀. Ó ní ó dáa, kí n sanwó ìjókòó fún un nígbà náà. Mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà fún ara mi, mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́rin fún àmù, nítorí ó ní àmù ò ní ẹsẹ̀ tí yóò nà. A gbé e sáàárín èmi àti ọ̀gbẹ́ni kan tó ń lọ sí Ìbàdàn, awakọ̀ sì fi bẹ́líìtì dè é pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn èrò ọkọ̀ ti ń pè é ní àlejò wa.

Ẹni tó bá gbé ohun ẹlẹgẹ́ dání ni yóò mọ bí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ṣe rí. Tírélà ti jẹ ẹ̀bá ọ̀nà náà, kòtò inú rẹ̀ sì mọ orúkọ gbogbo wa. Bí ọkọ̀ bá ti fò, èmi àti ọ̀gbẹ́ni yẹn á jọ na ọwọ́ di àmù mú. Obìnrin kan lẹ́yìn ń pariwo pé kí awakọ̀ rọra, ọmọ ń sùn. Nígbà tí a dé Ọ̀yọ́, oòrùn ti yọ. Mo ra àkàrà gbígbóná márùn-ún, igba náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò tóbi tó ti ilé wa, ṣùgbọ́n ó ta sánsán. Mo jẹ méjì. Nítorí pé ọwọ́ mi ti kún, mo fi bébà wé ìyókù, mo tẹ̀ ẹ́ sínú àmù sórí obì àti epo, mo so aṣọ funfun mi padà. Ẹ ti rí ohun tó ń bọ̀. Èmi ò rí i.

Bí a ti ń sáré wọ Ìbàdàn, tí òrùlé páànù pupa ń yọ lórí òkè lọ́tùn-ún lósì, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìgàndò. Ọ̀nà kan náà ni òun náà gbà nígbà tó ń bá ọkọ rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù onípákó ni wọ́n wọ̀ nígbà yẹn, òun pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti àmù lórí ẹsẹ̀. Wọ́n sùn ní Ìbàdàn, wọ́n tún sùn ní Agége, láti Agége wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú igbó. Agẹdú ni ọkọ rẹ̀, ó ń la igi sí pákó, wọ́n sì ti sọ fún un pé igi pọ̀ ní apá Ìgàndò. Èmi tí mo fi ààbọ̀ ọjọ́ rin ìrìn tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta rìn, èmi ni mo ń ráhùn pé ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ìtàn tó fẹ́ràn láti máa sọ ju lọ ni ti ọjọ́ tó dé ibẹ̀. Oòrùn ti mú un, ọmọ ń ké, ọkọ rẹ̀ ti lọ síwájú lọ wá ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́. Ó ya ilé àkọ́kọ́ tó rí. Ìyá àgbàlagbà kan jáde, Awórì ni, onílẹ̀ ibẹ̀. Ìyá náà ò bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀, kò bi í ní ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ohun tó wá ṣe. Igbá omi ló kọ́kọ́ gbé fún un. Ìgbà tó mu ún tán, tó sì fún ọmọ mu, ni ìyá náà tó jókòó tó ní, “Ó dáa, ọmọ mi, níbo lẹ ti ń bọ̀?” A mọ àṣà yìí ní ilé. Omi làlejò ń kọ́kọ́ rí kó tó rí ìbéèrè. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìgàndò sọ pé òun ò mọ ohun tí àṣà náà wúlò fún àfi ọjọ́ tí òun di àlejò. Nígbà tí wọ́n kọ́lé tiwọn, ó gbé àmù tó gbé láti ilé síta, kí ẹni tó bá dé Ìgàndò lẹ́yìn òun má baà ní láti kan ilẹ̀kùn.

A kọjá ìlú ńlá àwọn ẹlẹ́sìn lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, a dé Bẹ́gà ní ọ̀sán. Ibẹ̀ ni mo ti bọ́ọ́lẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ mìíràn tó gba Agége já sí Ìyànà Ìpájà, láìsí wàhálà, àfi pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbowó ń pariwo pé kí á wọlé pẹ̀lú ṣéńjì wa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí o bá fi ẹgbẹ̀rún kan sanwó ọ̀ọ́dúnrún, ìwọ lo fa wàhálà, kì í ṣe òun. Ní ilé, agbowó ọkọ̀ ló ń wá ṣéńjì.

Ìyànà Ìpájà ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Kòròpé ni wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá. Ọkọ̀ kékeré kan ni kòròpé, ènìyàn méje ló yẹ kó gbà, wọ́n á há yín mọ́ra títí ìwọ àti ẹni kejì á fi mọ ohun tí ara yín jẹ láàárọ̀. Mo wọlé, mo gbé àmù lé ẹsẹ̀. Obìnrin kan tó ń bọ̀ láti ìsọjí gbé Bíbélì dání, ó jókòó tì mí, ó wo aṣọ funfun, ó wo mí lójú, ó bọ́ọ́lẹ̀. Ẹni kejì bọ́ọ́lẹ̀. Ẹni kẹta ní òun gbàgbé nǹkan. Kí n tó mọ̀, èmi àti àmù nìkan ló kù nínú ọkọ̀, awakọ̀ sì wá sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tó ti hewú ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ mí. “Ìyá, ẹ má bínú, ẹ bá mi bọ́ọ́lẹ̀. Èmi ò gbé ẹbọ jàre. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí.”

Ìyẹn ni ó bí mi nínú. Èmi Àlhájà! Mo ní kí wọ́n wá wò ó, kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí i pé àmù lásán ni. Mo tú aṣọ funfun níwájú gbogbo wọn, mo sì nawọ́ sínú àmù pẹ̀lú ìgbéraga. Ohun àkọ́kọ́ tó jáde ni àkàrà. Èkejì ni ìgò epo pupa. Ẹ̀kẹta ni obì, ó ń yí bọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ sí orí títì.

Ariwo ta. Obìnrin oní-Bíbélì náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ̀jẹ̀ Jésù. Àgbèrò kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáràjì, tí kò bẹ̀rù ọlọ́pàá rí, fẹ̀yìn rìn títí ó fi fẹ̀yìn kan ògiri. Mo dúró sí àárín wọn pẹ̀lú àkàrà lọ́wọ́ kan àti epo lọ́wọ́ kejì, mo wá rí ara mi bí wọ́n ṣe ń rí mi. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹbọ jọ, ohun tí yóò kó nìyẹn. Ẹ̀rín pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, ẹ̀rín náà sì tún dá kún ẹ̀rù wọn. Ìgbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo gé àkàrà, mo jẹ ẹ́ níṣojú wọn, mo ní ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, fídáù ni mo ń lọ, Ìyá Alámù ni mo fẹ́ sọ̀ sí ní Ìgàndò.

Awakọ̀ tó ti hewú yẹn gbé ojú sókè. Ó ní, “Ṣé àmù tiwọn tó fọ́ yẹn lẹ fẹ́ fi èyí rọ́pò?” Mo ní òun ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa obì mi lórí títì, ó ń fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún. Bó ti ń ṣà á ló ń sọ ọ́ fún mi. Ìsẹ́yìn ló ti wá. Lọ́jọ́ tó dé Èkó, ẹni tó sọ pé òun yóò wá pàdé rẹ̀ kò wá, ó rìn láti Ìkòtún títí dé Ìgàndò, kò mọ ẹnì kankan, kò sì ní nǹkan lápò. Ibi àmù yẹn ló ti mu omi àkọ́kọ́ ní Èkó. Ìgbà tó mu ife kẹta ni Ìyá jáde, tó sì bi í pé ọmọ ibo ni. Ó sùn sí iyàrá àwọn agẹdú nílé Ìyá fún oṣù kan.

Ó yíjú sí àwọn èrò, ó ní kí wọ́n wọlé jàre, àmù Ìyá Alámù ni, ẹni tí kò bá wọlé kó wá ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n wọlé. Obìnrin oní-Bíbélì náà ló wọlé gbẹ̀yìn, ó sì tún ìjókòó rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí a dé ibi tí títì ti bàjẹ́, kí ọwọ́ tèmi tó dé ibẹ̀, ọwọ́ tirẹ̀ ti di àmù mú. Ó di ìgbà tí ó máa bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìdímù kó tó tú u sílẹ̀. Ó kọ obì mi, ṣùgbọ́n ó gba àkàrà kan.

Mi ò dákẹ́ lójú ọ̀nà yẹn, nítorí gbogbo ibi tí a ń kọjá ni Ìyá ti sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbẹ́dá tí ó kún fún ṣọ́ọ̀bù fóònù báyìí, ibẹ̀ ló ti máa ń já ewé tó fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Ní Ìdímù, ọ̀bọ ń jí ọsàn wọn. Láti Ìṣẹ̀rí-Olófin dé ilé rẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni, tí ẹni méjì bá pàdé, ọ̀kan á bọ́ sínú koríko. Ọ̀nà náà ti di títì oní-ojú-méjì tí ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìyá rí bí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe gé igi náà tán pátápátá. Ó rí bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ ibẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì, tí àwọn ará Ọ̀yọ́, ará Ìbàdàn, ará Èkìtì àti àwọn tí a ò mọ èdè wọn wá ń kọ́lé. Àwọn àgbà mìíràn máa ń sọ pé ayé ti bàjẹ́. Èmi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá mú nǹkan tuntun dé, ohun tó ń sọ ni, “Ẹ jẹ́ n rí i ná.”

Àmù yẹn nìkan ni kò yí padà, omi inú rẹ̀ ló ń yí. Omi odò ni ó kọ́kọ́ ń pọn sí i, ó ń fi aṣọ sẹ́ ẹ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbẹ́ kànga, ó di omi kànga. Ìjọba fa omi ẹ̀rọ dé, ó sáré lọ bù ú sí i, ó ní kí àwọn èrò náà tọ́ omi ìjọba wò. Ẹ̀rọ dákẹ́, ó di omi tánkà. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé omi tánkà ò mọ́ tó, tí omi inú ọ̀rá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìyá àgbàlagbà yìí ra píọ̀ wọ́tà ní àpò kan, ó fi eyín ya wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dà wọ́n sínú àmù. Àwọn ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí ni ẹ̀rín wà fún, ṣé kì í ṣe omi ni. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí kòrónà dé, tí wọ́n ní kí á má jọ lo ife, ó yọ ife kúrò, ó mú ṣíbí onígi ọlọ́wọ́ gígùn, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àmù, ó ń dà á sí àtẹ́lẹwọ́ wọn láti òkèèrè. Ó ti dàgbà gan-an nígbà náà. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, kí n má parọ́. Bí mo bá lo ìdajì ọjọ́ orí rẹ̀ láìráhùn bíi tirẹ̀, mo ti ṣe iṣẹ́.

“Ìyá Alámù, ó wà?” Awakọ̀ ló bèèrè. Bí wọ́n ṣe ń wádìí nìyẹn bóyá ẹnì kan fẹ́ sọ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo dáhùn pé ó wà. Awakọ̀ náà kò gba owó lọ́wọ́ mi, ó bá mi gbé àmù dé ẹnu géètì, ó sì yára padà sídìí ọkọ̀ nítorí àwọn èrò rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì wà níwájú ilé lórí bẹ́ǹṣì, pákó káfíńtà ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí mi, ó dìde, ó wọlé lọ mú omi tútù wá, ó sì dúró títí mo fi mu ún tán kó tó wo ohun tí mo gbé. Ó ti di àgbàlagbà òun náà, ìrìn rẹ̀ ti ń dà bíi ti ìyá rẹ̀. Ó fi ìka kan àmù, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó ní, “Ojúlówó ni.” Ó tún jókòó.

Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n kò bá mi jà. Ohun tó bi mí ni pé ta ni yóò máa pọn ọ́n. Ó ní láti ìgbà tí apá Ìyá ò ti ká a mọ́, òun ni òun ń pọn ọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Wọ́n jí ife títí òun fi ń fi ṣéènì dè é. Àwọn kan ń fi omi náà fọ ẹsẹ̀. Iná ọba kì í sábà wà láti fa omi, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti gbówó lórí. “Múníràtù, rírà rẹ̀ ò le. Gbígbé e wá gan-an ò le. Pípọn ni. Ojoojúmọ́ ni, títí ayé.” Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé. Mi ò lè bá a pọn ẹ̀kan nínú rẹ̀. Mo wo pákó ilẹ̀, mo wo ìdajì àmù tó fọ́ tí àwọn adìyẹ ń mu omi nínú rẹ̀, ọkàn mi bàjẹ́. Mo bu omi kún tuntun náà láti rẹ ẹ́, nítorí àmù tuntun gbọ́dọ̀ mu omi tirẹ̀ yó kó tó fún èèyàn mu, àkọ́bù rẹ̀ sì máa ń ní adùn amọ̀. Mo kàn ṣe é nítorí pé mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Lẹ́yìn ìrun àsùbá ọjọ́ kejì, mo jáde síta. Mo bá Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì níbẹ̀. Ó ti da omi tí mo fi rẹ àmù nù, ó ti kó iyanrìn tútù sí ojú ibi tí àmù àtijọ́ wà, ó ti gbé tuntun gúnlẹ̀ sí i, báàkẹ́tì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo mí. Ó ń bá àmù sọ̀rọ̀ ni, tàbí ìyá rẹ̀.

Ó ní, “Láti ọjọ́ tó ti fọ́ ni mo ti ń rí wọn. Àwọn lébírà tó ń lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n á yà síbí, wọ́n á nawọ́, kò ní sí nǹkan kan. Wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á lọ. Ojú ń tì mí. Mo rò pé bí mo bá kan ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, wọn ò ní yà mọ́.”

Mo gba báàkẹ́tì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbà á padà. Ó ní kí n jókòó, èmi ni àlejò. Nígbà tí káfíńtà dé lẹ́yìn fídáù, Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì ní kó sún ṣọ́ọ̀bù sí apá kejì géètì. Káfíńtà náà ní kò sí ohun tó le níbẹ̀, ó sì bu omi mu kó tó yọ òòlù.

Fídáù náà lọ dáadáa. Àlùfáà ṣe wáàsí kékeré kan, kò gùn. Ó ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, gbogbo wa sì wo apá ibi tí àmù wà láìjẹ́ pé ó ní kí á wò ó. Obì mi yí ká, epo mi wọ inú ọbẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó jẹ́ ọmọlẹ́yìn Kírísítì jókòó pẹ̀lú wa, wọ́n ń sọ èyí tí Ìyá ṣe fún wọn.

Mo lo ọjọ́ kan sí i, mo wá múra ilé. Mo dúró lẹ́bàá àmù láti dá kòròpé dúró. Awakọ̀ tó dúró fún mi jẹ́ ọ̀dọ́, àjèjì pátápátá. Kó tó jẹ́ kí n wọlé, ó fò sílẹ̀, ó bu omi mu, ó tún bù ú, ó da ìyókù sórí. Àwọn èrò inú ọkọ̀ ń kùn. Ọ̀gbẹ́ni kan níwájú, àlejò ìlú bíi tèmi, bi í pé ta ni Ìyá Alámù tí wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ gan-an.

Awakọ̀ fi apá aṣọ nu ẹnu. Ó ní, “Mi ò mọ̀ wọ́n o, bọ̀ọ̀dá. Omi wọn ni mo mọ̀.”

Mi ò sọ pé ìbátan mi ni. Mo fẹ́ sọ ọ́, ó wà lórí ahọ́n mi títí a fi kọjá Ìgàndò, ṣùgbọ́n mo rí i pé ohun tó sọ yẹn ti tó. Gbogbo igbó tí Ìyá bá níbẹ̀ ti lọ, ọkọ rẹ̀ ti lọ, òun náà ti lọ, ọmọ tí kò mọ ojú rẹ̀ sì ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú omi lẹ́nu. Mo sunkún díẹ̀ nínú kòròpé yẹn, inú mi sì dùn.

Ìpadàbọ̀ yá ju àlọ lọ, nítorí mi ò gbé nǹkan kan tó lè fọ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bàràkátù ṣí ilẹ̀kùn, ìbéèrè sì ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kí n tó wọlé: ṣé àmù dé láìfọ́, kí ni Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì sọ, ṣé aṣọ funfun yẹn ò kó bá mi bí òun ṣe wí.

Mo jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà, mo bọ́ bàtà. Mo ní, “Omi ná, Bàràkátù.”

Ó wọlé, ó bù ú wá. Mo mu ún tán, mo dá ife padà fún un, mo sì ní kó wá máa bi mí.